Bí Ubuntu Bá Há Sójú Kan Nígbà Tí Ẹ Ń Fi Í Sórí Láptọ́ọ̀pù: Bí Ẹ Ṣe Máa Mọ Ohun Tó Fà Á

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀, tí wọ́n sì fẹ́ fi Ubuntu 24.04, ètò Linux kan tó lè rọ́pò Windows, sórí rẹ̀, ló máa ń bá ìṣòro kan náà pàdé. Fíláàṣì náà á ṣí dáadáa, wọ́n á dáhùn gbogbo ìbéèrè nípa èdè, kíbọ́ọ̀dù àti orúkọ, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ohun gbogbo á dúró sójú kan, kò ní lọ síwájú, kò ní padà sẹ́yìn. Wọ́n á fi bọ́tìnnì pa á, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀, yóò sì tún há. Títún un bẹ̀rẹ̀ láìyí ohunkóhun padà kì í yanjú nǹkan kan, ńṣe ló ń mú kí ẹ̀rọ náà tún kọ ìdajì iṣẹ́ mìíràn sórí dísìkì. Ibi tó há sí, àti ohun tí kernel (ọkàn ètò Ubuntu, tó ń darí ẹ̀rọ) kọ sílẹ̀ ní àkókò náà, ló máa tọ́ka sí ẹni tó jẹ̀bi, àwọn tí a sì lè fura sí kò pọ̀: fáìlì tí ẹ dáùnlóòdù, fíláàṣì, RAM, dísìkì inú láptọ́ọ̀pù, káàdì tó ń gbé àwòrán jáde, tàbí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fà.

Xubuntu, Lubuntu àti Linux Mint náà lè tẹ̀lé ọ̀nà yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ tí ẹ máa rí lójú kọ̀ǹpútà lè yàtọ̀ díẹ̀.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́

- Fíláàṣì méjì, kí èyí tí ẹ máa kọ Ubuntu sí má kéré sí 8GB, nítorí pé fáìlì ISO (odidi Ubuntu nínú fáìlì kan) ti Ubuntu 24.04 Desktop, èyí tí láptọ́ọ̀pù ń lò, ju 5GB lọ. Èkejì wà fún àyẹ̀wò RAM.
- Kọ̀ǹpútà mìíràn tó ń ṣiṣẹ́, Windows tàbí Linux.
- Ṣájà, àti bátìrì tó lè gbé láptọ́ọ̀pù náà dúró fún ó kéré tán wákàtí kan bí iná bá lọ. Bí bátìrì bá ti kú, ẹ má bẹ̀rẹ̀ níbi tí iná kò ti dúró.
- Fóònù tí ẹ máa fi ya àwòrán ohun tó bá hàn lójú kọ̀ǹpútà.
- Ẹ̀dà gbogbo fáìlì tí ẹ kò fẹ́ pàdánù, níbòmíràn yàtọ̀ sórí láptọ́ọ̀pù náà. Bí Windows tó ní BitLocker (ohun tí Windows fi ń ti dísìkì pa) bá wà lórí rẹ̀, ẹ kọ kọ́kọ́rọ́ ìmúpadà rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ẹ wo agbára láptọ́ọ̀pù náà pẹ̀lú. Fún 24.04, àwọn tó ṣe Ubuntu dábàá RAM 4GB, àyè 25GB lórí dísìkì, àti processor olójú méjì tí ìyára rẹ̀ tó 2GHz. Bí RAM yín bá jẹ́ 2GB, ẹ má ka ìyókù ìtọ́sọ́nà yìí, ẹ lọ dáùnlóòdù Lubuntu.

Ìpele 1: Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ó há lóòótọ́

Ọ̀pọ̀ ìgbà tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ó há, ńṣe ló ń lọ́ra. Ìlà tó ń fi bí iṣẹ́ ṣe ń lọ hàn kì í sọ òtítọ́ délẹ̀, nítorí pé ìpele kan ṣoṣo ni ó ka dída gbogbo fáìlì kọ sí, ó sì lè dúró sí ibì kan fún ìgbà pípẹ́ lórí dísìkì àtijọ́ tó ń yí. Ẹ fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sì wo iná kékeré ara fíláàṣì tàbí ti dísìkì: bí ó bá ṣì ń ṣẹ́jú, iṣẹ́ ń lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ Caps Lock, ẹ yí máúsì, kí ẹ sì tẹ Ctrl+Alt+F3 pa pọ̀.

Bí máúsì bá ń rìn tí iná Caps Lock sì ń tàn, kọ̀ǹpútà wà láàyè. Ohun tó ń fi Ubuntu sórí rẹ̀ ló ń dúró de nǹkan kan, bóyá íntánẹ́ẹ̀tì, bóyá fáìlì tí kò ṣeé kà. Bí máúsì bá ti kú ṣùgbọ́n tí Ctrl+Alt+F3 mú ojú dúdú tó ní lẹ́tà funfun wá, àwòrán nìkan ló kú, ẹ lọ sí Ìpele 6 tààrà. Bí Caps Lock pàápàá kò bá dáhùn, kernel fúnra rẹ̀ ti dúró. RAM, ooru àti káàdì àwòrán ni ẹ máa kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ kíyè sára níbí. Ẹ má sáré di bọ́tìnnì iná mú. Ẹ di Alt àti PrtSc mú pa pọ̀, kí ẹ sì tẹ S, lẹ́yìn náà U, lẹ́yìn náà B, kí ẹ sinmi díẹ̀ láàárín wọn. S ń da ohun tó wà nínú mẹ́mọ́rì kọ sórí dísìkì, U ń ti dísìkì kí a má baà kọ ohun mìíràn sí i, B sì ń tún kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè ti kà á níbòmíràn pé lẹ́tà mẹ́fà ni ẹ máa tẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta yìí ni Ubuntu gbà láàyè nínú wọn. Lórí láptọ́ọ̀pù mìíràn, ẹ máa ní láti fi Fn kún un. Bí èyí náà kò bá ṣiṣẹ́, a jẹ́ pé bọ́tìnnì iná ló kù.

*Àyẹ̀wò:* Ó yẹ kí ẹ lè sọ èyí tí tiyín jẹ́ nínú ipò mẹ́ta náà. Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́, ẹ jẹ́ kó há lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì wò ó dáadáa.

Ìpele 2: Ẹ ka ohun tí kernel ń sọ

Ìpele yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fò, òun ló sì máa gbà yín lọ́wọ́ àbá-àbá. Ẹ fi fíláàṣì ṣí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n nígbà tó bá béèrè bóyá ẹ fẹ́ fi Ubuntu sórí ẹ̀rọ tàbí ẹ fẹ́ dán an wò, ẹ yan "Try Ubuntu". Ẹ ṣí Terminal, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ, kí ẹ sì kọ́kọ́ mọ orúkọ tí ẹ̀rọ náà fún dísìkì kọ̀ọ̀kan:

lsblk -o NAME,SIZE,MODEL,TRAN

Èyí tí a kọ usb sí iwájú rẹ̀ ni fíláàṣì yín. Ó lè jẹ́ sda, ó lè jẹ́ sdb, ẹ má ṣe méfò. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí pé gbogbo ìtumọ̀ ohun tó ń bọ̀ dúró lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ àṣẹ yìí, tó ń fi ohun tí kernel ń sọ hàn bó ṣe ń sọ ọ́:

sudo dmesg -w

Ẹ fi Terminal yẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ sì tẹ àmì Install Ubuntu tó wà lójú kọ̀ǹpútà láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bó ṣe yẹ. Nígbà tó bá há, ẹ fi fóònù ya àwọn ìlà tó gbẹ̀yìn. Bí ẹ ṣe máa túmọ̀ wọn nìyí.

Bí ẹ bá rí "SQUASHFS error", kernel ń gbìyànjú láti ka Ubuntu fúnra rẹ̀ láti orí fíláàṣì, ohun tó rí kò sì péye. Fáìlì ISO, fíláàṣì tàbí RAM ló fà á, kì í ṣe dísìkì inú láptọ́ọ̀pù. Ìpele 3 ló kàn.

Bí ẹ bá rí "I/O error, dev" pẹ̀lú orúkọ kan lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ yẹn ni ìdáhùn. Bó bá jẹ́ ti fíláàṣì, Ìpele 3 náà ni. Bó bá jẹ́ ti dísìkì inú, ẹ lọ sí Ìpele 5. "failed command: READ FPDMA QUEUED" tàbí "WRITE FPDMA QUEUED" jẹ́ ti dísìkì inú tó ń lo SATA, bẹ́ẹ̀ náà ni ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nvme tó sì ní timeout nínú jẹ́ ti SSD alẹ̀mọ́.

"reset high-speed USB device" tàbí "reset SuperSpeed USB device" tó ń wá léraléra túmọ̀ sí pé fíláàṣì ń já lójú ihò tí ẹ fi í sí. Ẹ yí ihò padà ná kí ẹ tó dá fíláàṣì lẹ́bi.

"Out of memory: Killed process" ṣe kedere: RAM kò tó. Ẹ ti Firefox àti gbogbo ohun mìíràn tí ẹ ṣí, tàbí kí ẹ lo Xubuntu.

"mce: [Hardware Error]" jẹ́ ti processor tàbí RAM, Ìpele 4 ló kàn. "temperature above threshold" jẹ́ ti ooru, èyí sì wọ́pọ̀ lórí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí eruku ti dí fáànù rẹ̀. Ẹ gbé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ní kí wọ́n nu fáànù náà, kí wọ́n sì fi ọ̀rá tuntun (thermal paste) sí orí processor. Ìlà tó dárúkọ nouveau (ètò tí Linux fi ń darí káàdì àwòrán NVIDIA) kí gbogbo nǹkan tó kú jẹ́ ti káàdì NVIDIA, Ìpele 6 ló kàn.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti máa ń ṣìnà nìyí: wọ́n á rí "ACPI BIOS Error (bug)" ní pupa ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì fi gbogbo ọjọ́ lépa rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń hàn lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tí ara wọn le, ó sì ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ òun ló fa ìdúró. Ìlà tó jáde ní àkókò tí ó há ni kí ẹ kà, kì í ṣe èyí tó ti wà níbẹ̀ látìgbà tí kọ̀ǹpútà ti jí.

*Àyẹ̀wò:* Àwòrán ìlà kan wà lọ́wọ́ yín tó dárúkọ ohun kan pàtó. Bí kernel bá kú láìsọ ohunkóhun, ìyẹn náà jẹ́ ẹ̀rí: ẹ ṣe Ìpele 4, lẹ́yìn náà Ìpele 6.

Ìpele 3: Fáìlì ISO àti fíláàṣì

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáìlì náà. Lórí Windows, ẹ ṣí Command Prompt nínú fódà tí ISO wà, kí ẹ sì tẹ àṣẹ yìí, kí ẹ fi orúkọ fáìlì tiyín rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀:

certutil -hashfile ubuntu.iso SHA256

Lórí Linux, "sha256sum ubuntu.iso" ni. Ẹ fi ohun tó jáde wé ìlà tó bá orúkọ fáìlì yín mu nínú SHA256SUMS lórí releases.ubuntu.com. Lẹ́tà kan ṣoṣo tó yàtọ̀ ti tó láti ju fáìlì náà nù. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín bá jẹ́ èyí tó ń já, ẹ má dáùnlóòdù ju 5GB nínú burausa. Ẹ lo torrent tí Ubuntu fúnra wọn gbé síta, nítorí pé torrent ń yẹ ègé kọ̀ọ̀kan wò bó ṣe ń wọlé, ó sì máa ń tẹ̀síwájú láti ibi tó dúró sí nígbà tí dátà bá padà dé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tún kọ ọ́ sórí fíláàṣì. Kí a kàn da ISO sínú fíláàṣì bí ẹni ń da orin kọ kò lè ṣiṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pẹ̀lú ètò Rufus tàbí balenaEtcher. Etcher ní àǹfààní kan tí mo fẹ́ràn: lẹ́yìn tó bá kọ ọ́ tán, ó máa ń padà kà á láti wò ó bóyá ohun tó wọlé ni ohun tó wà níbẹ̀. Rufus yóò béèrè bóyá ẹ fẹ́ ọ̀nà ISO tàbí ọ̀nà DD. Bí ọ̀nà ISO bá ti kùnà lẹ́ẹ̀kan, ẹ mú DD.

Fíláàṣì ayédèrú ńkọ́? Ó pọ̀ lọ́jà, láti Computer Village ní Ìkẹjà títí dé orí àtẹ ẹ̀bá ọ̀nà: wọ́n kọ 64GB sí i lára, àyè inú rẹ̀ kò sì tó bẹ́ẹ̀. Ó lè gba gbogbo ohun tí ẹ kọ sí i láìráhùn, kí apá tó gbẹ̀yìn má sì sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ kà á, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ fi lè ṣí dáadáa tí iṣẹ́ á sì há ní àárín. Ẹ fi H2testw yẹ̀ ẹ́ wò lórí Windows tàbí f3 lórí Linux, nígbà tí fíláàṣì náà bá ṣófo.

Ẹ ki fíláàṣì bọ ara láptọ́ọ̀pù tààrà, kì í ṣe ara ohun èèlò tó ń pín ihò USB sí púpọ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ tún ṣí "Try Ubuntu", kí ẹ sì tẹ àṣẹ méjì yìí:

cd /cdrom
md5sum -c --quiet md5sum.txt

Bí kò bá sọ nǹkan kan títí tó fi parí, fíláàṣì dára. Bí fáìlì tó parí sí .squashfs bá jáde pẹ̀lú FAILED, kò dára. Ẹ tún àyẹ̀wò náà ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Bí fáìlì tó kùnà ní ìgbà àkọ́kọ́ bá yege ní ìgbà kejì, tí òmíràn sì kùnà dípò rẹ̀, ẹ yé fura sí fáìlì ISO, nítorí pé fáìlì tó bàjẹ́ kì í tún ara rẹ̀ ṣe. RAM tàbí ihò USB ni.

Ìpele 4: RAM

Ẹ gba Memtest86+, ètò tó ń yẹ RAM wò, láti memtest.org. Ẹ rí i pé ó jẹ́ ẹ̀dà 6 tàbí èyí tó lé sí i, nítorí pé láti ẹ̀dà 6 ló ti ń bá UEFI (ètò tó ń jí àwọn kọ̀ǹpútà ìgbàlódé) ṣiṣẹ́. Ẹ kọ ọ́ sórí fíláàṣì kejì, kí ẹ sì fi ṣí kọ̀ǹpútà. Bí Secure Boot, ààbò tó ń dènà ètò tí a kò fọwọ́ sí, bá kọ̀ ọ́, ẹ pa Secure Boot fún ìgbà díẹ̀ nínú BIOS, ibi tí ẹ ti ń ṣètò kọ̀ǹpútà kó tó ṣí. Ó gbọ́dọ̀ yí ká lẹ́ẹ̀kan pátápátá, ṣùgbọ́n bí ẹ bá lè jẹ́ kó sùn mọ́jú, ó sàn jù, torí pé RAM tó ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ lè yege ní ẹ̀ẹ̀kan kó sì kùnà lẹ́yìn tí ara rẹ̀ bá gbóná.

Ìlà pupa kan ti pọ̀ jù, a kì í bá RAM ṣe àdéhùn pé àṣìṣe kékeré ni. Bí RAM bá jẹ́ méjì, ẹ yọ ọ̀kan, kí ẹ yẹ èkejì wò, kí ẹ sì pààrọ̀ ihò wọn kí ẹ lè mọ̀ bóyá RAM ló bàjẹ́ tàbí ihò. Lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ, wọ́n ti jó RAM mọ́ bọ́ọ̀dù, kò ṣeé yọ. Bí irú rẹ̀ bá kùnà nígbà tí ọjọ́ àdéhùn ẹni tó tà á kò tíì pé, ẹ dá a padà fún un pẹ̀lú àwòrán ojú Memtest, nítorí pé ẹ̀rí yẹn ṣòroó jiyàn sí.

*Àyẹ̀wò:* Yíyí kan pé, iye Errors sì jẹ́ 0.

Ìpele 5: Dísìkì inú láptọ́ọ̀pù

Nínú "Try Ubuntu", ẹ so íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, kí ẹ sì tẹ àwọn àṣẹ yìí kí dísìkì lè sọ bí ara rẹ̀ ṣe rí:

sudo apt update
sudo apt install smartmontools
sudo smartctl -a /dev/sda

Ẹ fi orúkọ dísìkì tiyín rọ́pò sda. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀rọ̀ PASSED tó wà lókè, nítorí pé dísìkì tó ń kú lọ lè ṣì máa sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Current_Pending_Sector àti Offline_Uncorrectable: bí nọ́ńbà tó kẹ́yìn ìlà wọn bá ju 0 lọ, àwọn ibì kan wà tí dísìkì náà kò lè kà mọ́, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ yín máa há sí nígbàkúùgbà tó bá débẹ̀. Bí Reallocated_Sector_Ct bá ń pọ̀ sí i láti ọjọ́ kan sí èkejì, ẹ ra òmíràn. UDMA_CRC_Error_Count yàtọ̀ pátápátá, torí pé ó sábà máa ń tọ́ka sí wáyà tàbí ibi tí dísìkì ti wọ bọ́ọ̀dù, ẹ sì lè yanjú rẹ̀ nípa yíyọ dísìkì náà kí ẹ tún un kì bọ̀ dáadáa. Fún SSD NVMe, "Media and Data Integrity Errors" ni kí ẹ wò.

Èmi kì í fara mọ́ àbá àwọn tó ń pín dísìkì sí ọ̀nà tí yóò fi yẹra fún ibi tó bàjẹ́. Ó lè jẹ́ kí iṣẹ́ parí lónìí, ṣùgbọ́n fáìlì yín ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Bí dísìkì bá dára ṣùgbọ́n tó jẹ́ ibi pípín dísìkì gan-an ni iṣẹ́ ń há sí, ó lè jẹ́ àwọn àmì tí ìgbìyànjú tó kùnà fi sílẹ̀ ló ń dí i lọ́wọ́. "sudo wipefs -a /dev/sda" máa ń pa wọ́n rẹ́. Ẹ kíyè sára gidigidi: lẹ́yìn àṣẹ yìí, kò ní sí ọ̀nà ìrọ̀rùn sínú ohunkóhun tó wà lórí dísìkì náà, àṣìṣe lẹ́tà kan sì lè mú kó jẹ́ dísìkì mìíràn ni ẹ nù. Ẹ tún lsblk tẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

*Àyẹ̀wò:* Nọ́ńbà pending àti uncorrectable jẹ́ 0, dmesg kò sì tún dárúkọ dísìkì inú nígbà tí iṣẹ́ ń lọ.

Ìpele 6: Káàdì àwòrán

Nígbà tí ojú ewé dúdú GRUB, ibi tí a ti ń yan ohun tí kọ̀ǹpútà máa ṣí, bá jáde, ẹ yan "Ubuntu (safe graphics)". Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ gbé àmì sórí "Try or Install Ubuntu", ẹ tẹ lẹ́tà e lórí kíbọ́ọ̀dù, ẹ wá ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú linux, kí ẹ sì kọ nomodeset síbẹ̀ ṣáájú dáàṣì mẹ́ta tó wà níparí rẹ̀. Ẹ tẹ F10. Ojú kọ̀ǹpútà lè rí gàdàgbà, kí lẹ́tà sì tóbi jù. Kò burú, iṣẹ́ ṣì máa parí.

Àwọn ènìyàn máa ń ṣe èyí, inú wọn á dùn, lẹ́yìn náà kọ̀ǹpútà á tún há nígbà tí ó bá kọ́kọ́ ṣí láti orí dísìkì, wọ́n á sì rò pé iṣẹ́ bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ẹ di Shift mú lórí BIOS àtijọ́, tàbí kí ẹ tẹ Esc lẹ́ẹ̀kan lórí UEFI, kí GRUB lè jáde, ẹ tún kọ nomodeset sí ìparí ìlà linux, kí ẹ wọlé, kí ẹ sì tẹ "sudo ubuntu-drivers install" kó lè gbé awakọ̀ (driver) NVIDIA tó yẹ wá.

*Àyẹ̀wò:* Kọ̀ǹpútà ṣí lẹ́ẹ̀mejì léraléra láìsí pé ẹ fi nomodeset sí i.

Ìpele 7: Íntánẹ́ẹ̀tì

Bí máúsì bá ń rìn tí iṣẹ́ kò sì lọ, tí dmesg sì dákẹ́, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láìso Wi-Fi mọ́ ọn rárá. Bó bá béèrè pé kí ẹ ṣe àtúnṣe sí ètò tó ń fi Ubuntu sórí ẹ̀rọ, ẹ fò ó. Ẹ má fàmì sí sọ́fúwià àwọn ẹlòmíràn àti ti fídíò. Gbogbo rẹ̀ ṣeé gbà lẹ́yìn náà. Kò sí ohun kan tí Ubuntu nílò láti orí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó lè ṣí.

Ìdúró tí kì í ṣe ìṣòro

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí tí ẹ sì tẹ Restart, kọ̀ǹpútà lè dúró sí ọ̀rọ̀ tó ní kí ẹ yọ fíláàṣì kí ẹ tẹ ENTER, tàbí kí ó ṣókùnkùn kí ọ̀rọ̀ náà má tilẹ̀ hàn. Ẹ yọ fíláàṣì, ẹ tẹ Enter, kí ẹ dúró díẹ̀. Bí kò bá sí ìyípadà, ẹ lè di bọ́tìnnì iná mú láìbẹ̀rù, torí pé ohun gbogbo ti wà lórí dísìkì. Lẹ́yìn tí ó bá ṣí, ẹ tẹ àṣẹ yìí kí ẹ lè rí àwọn àṣìṣe tí ẹ̀rọ kọ sílẹ̀:

journalctl -p 3 -b

Bí àwọn ìlà I/O error tàbí mce tí ẹ yà ní Ìpele 2 bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ padà sí ìpele tó jẹ́ tiwọn kí ẹ tó da fáìlì yín sórí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ACPI nìkan ló kù, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yín.